Idà kúkúrú tí wọ́n fi han Gandalf ní Bodè Dúdú: idà ta ni?

AkàwéLóru

Ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó. Ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ kan. Ìwé Tolkien, The Lord of the Rings, ni mo tún ń kà lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti dé Ìwé Karùn-ún, orí 10, níbi tí ikọ̀ (ìránṣẹ́) Sauron, Olúwa Òkùnkùn, ti jáde wá pàdé Gandalf oṣó àti Aragorn, ọba tó ń bọ̀, lẹ́nu Bodè Dúdú, ẹnu ọ̀nà Mordor, ilẹ̀ Sauron. Ohun mẹ́ta ló mú jáde láti fi hàn wọ́n pé ọwọ́ ti tẹ amí wọn: idà kúkúrú kan, aṣọ ìbora aláwọ̀ eérú tó ní ìdè àwọn elf lọ́rùn, àti ẹ̀wù mithril (irin fàdákà tó ṣọ̀wọ́n) ti Frodo, hobbit (èèyàn kúkúrú) tó ń gbé Òrùka Sauron lọ pa run. Aṣọ àti ẹ̀wù yé mi. Idà yẹn ni kò yé mi. Mo kọ́kọ́ ní Sting, idà Frodo, ni, àmọ́ Sting wà lọ́wọ́ Sam, ìránṣẹ́ Frodo, nínú ilé ìṣọ́ Cirith Ungol, òun ló fi ń lé orc (ọmọ ogun Sauron) kiri níbẹ̀. Ṣé Tolkien ló ṣì í kọ ni, àbí èmi ni mo fo nǹkan?

Ìbéèrè mi kejì nìyí: báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí irú nǹkan báyìí kì í bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Àwọn èèyàn kéékèèké inú ìwé yìí pọ̀ jù fún mi. Kí n tó dé orí kẹta, mo ti gbàgbé ẹni tí wọ́n dárúkọ ní orí kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ wo fíìmù o. Mo ti wo èyí tó gùn jù, ẹ̀wù mithril nìkan ni ikọ̀ náà fi hàn níbẹ̀.

Ìyá Atọ́ka

Àbúrò, Tolkien kò ṣì í kọ. Idà Sam ni.

Padà sí Ìwé Kẹrin, orí 10. Nígbà tí Sam rò pé Shelob, aláǹtakùn ńlá, ti pa Frodo, ó mú Sting àti ìgò ìmọ́lẹ̀ Galadriel. Kó tó lọ, ó ní idà tòun lòun máa tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá òun, bí ó ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba àtijọ́ nínú ibojì. Ẹyọ gbólóhùn kan báyìí ni. Ibi tí omijé ti ń bọ́ lójú òǹkàwé ni Tolkien fi í sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń kọjá lórí ẹ̀.

Àwọn orc dé, wọ́n gbé Frodo, wọ́n sì palẹ̀ gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ́. Shagrat, ọ̀gá orc kan, sọ àṣẹ tó wà nílẹ̀ fún Gorbag, ọ̀gá orc mìíràn, ní orí kan náà: kí wọ́n bọ́ ẹlẹ́wọ̀n síhòòhò, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí Lugbúrz, ilé Sauron, nípa gbogbo nǹkan tí wọ́n bá bá lára ẹ̀, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe ohun ìjà, lẹ́tà tàbí òrùka. Ẹ gbọ́, *òrùka*. Ó wà nínú àṣẹ náà gbangba, ẹni tó sì ń ka àṣẹ ọ̀hún jáde kò mọ ohun tó ń sọ. Ní Ìwé Kẹfà, orí 1, àwọn orc pa ara wọn tán nítorí ẹ̀wù mithril, Shagrat nìkan ló sá àsálà, ó gbá ẹrù náà mọ́ra. Ẹrù yẹn ló dé Bodè Dúdú.

Wàá wá rí ibi tó dùn jù. Ikọ̀ Sauron mọ irin tó mú dání dáadáa, ó pè é ní idà Ìwọ̀-oòrùn tó ti ṣubú. Àmọ́ ẹrù ẹni méjì ló dì pọ̀ bí ẹni pé ti ẹyọ amí kan ni. Kò sọ̀rọ̀ ẹnì kejì rárá. Sam ló fa àṣìṣe kékeré yẹn nígbà tó ń ṣẹ̀yẹ fún ẹni tó rò pé ó ti kú.

Ọmọ Òkìtì

Kí n gbà á lẹ́nu Ìyá Atọ́ka díẹ̀. Idà Sam yẹn ní ọmọ ìyá mẹ́ta. Bí AkàwéLóru bá tọ ipa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á rí ìwé náà bí ẹni pé kò kà á rí.

Ìwé Kìíní, orí 8 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Tom Bombadil yọ àwọn hobbit kúrò nínú òkìtì ibojì, ó ṣa ọ̀bẹ mẹ́rin nínú ìṣúra tó wà níbẹ̀, ó fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́wọ́ èèyàn gíga, ọ̀bẹ lásán ni. Lọ́wọ́ hobbit, idà ni. Ojú irin náà rí bí ewé, wọ́n fi àwòrán ejò dárà sí i ní pupa àti wúrà, àkọ̀ ẹ̀ dúdú, kò sì dógùn-ún pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti wà nínú ilẹ̀. Bombadil sọ ẹni tó rọ wọ́n: àwọn ará Westernesse, ọ̀tá Olúwa Òkùnkùn, tí ọba burúkú ti Carn Dûm ní ilẹ̀ Angmar ṣẹ́gun. Ẹ di orúkọ Angmar yẹn mú.

Ti Frodo kò pẹ́. Ó fi ṣá olórí àwọn Nazgûl, ìránṣẹ́ Sauron, lẹ́sẹ̀ ní Weathertop, aṣọ nìkan ló bà. Ó ṣẹ́ ní ibi ìsọdá odò ní orí 12. Ní Rivendell, Bilbo, ìbátan Frodo, yọ ọ́ jáde nínú àpótí, ó ní òun fi pamọ́, òun kàn gbàgbé láti bi àwọn alágbẹ̀dẹ bóyá wọ́n lè tún un ṣe. Ló bá gbé Sting lé e lọ́wọ́. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣẹ́, Sting lè má kúrò lọ́dọ̀ Bilbo.

Ti Merry àti Pippin, hobbit méjì yòókù, bọ́ sọ́wọ́ orc nígbà tí wọ́n kó àwọn méjèèjì. Ní Ìwé Kẹta, orí 1, Aragorn bá wọn nílẹ̀ láàárín àwọn ohun ìjà orc tó ti kú. Ó sọ ìdí tí orc kò fi gbé wọn lọ: wọ́n mọ̀ pé ògèdè tí wọ́n pè sí i lára, Mordor ni wọ́n torí ẹ̀ pè é. Aragorn kó wọn dání, ó dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n ní Isengard, orí 9. Nígbà tí Pippin wá fi tiẹ̀ lélẹ̀ níwájú Denethor, alákòóso Gondor (Ìwé Karùn-ún, orí 1), bàbá àgbàlagbà yẹn, tí kì í wo ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì, bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ó ti dá iṣẹ́ ọwọ́ ìbátan rẹ̀ ti Àríwá mọ̀.

Ó wá ku ti Merry. Ìwé Karùn-ún, orí 6: olórí Nazgûl fẹ́ pa Éowyn, obìnrin jagunjagun Rohan, Merry fi idà yẹn gún un lẹ́yìn orúnkún. Irin náà jó tán lọ́wọ́ ẹ̀ bí igi gbígbẹ. Tolkien dúró níbẹ̀ sọ pé inú ẹni tó rọ ọ́ ìbá dùn ká ní ó mọ bó ṣe parí, torí ọba oṣó Angmar ni ọ̀tá tí wọ́n ní nígbà yẹn. Olórí Nazgûl yìí kan náà ni ọba oṣó ọ̀hún. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí wọ́n ti rọ irin náà dè é. Kò sí irin mìíràn, bó ti wù kó mú tó, tó lè tú àdìmọ́ tó so iṣan ara ẹ̀ mọ́ ìfẹ́ inú ẹ̀.

Fíìmù gé Bombadil àti òkìtì dànù, Aragorn ló kàn kó idà fún wọn ní Weathertop. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá á rò pé orí ire lásán ni Merry fi bọ́ sí i.

Ká-Sáré-Kà

Mo gbà fún yín lórí idà. Àmọ́ ẹ̀yin náà ń tọ pinpin nǹkan jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá la ẹnu nínú ìwé ló ní iṣẹ́. Ìyá Ioreth tó ń sọ̀rọ̀ wótòwótò ní Ilé Ìwòsàn, iṣẹ́ wo ló ṣe? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń dá ronú ní Ìwé Kìíní, orí 3 ńkọ́? Ẹ fi hàn mí.

Ewé Méjì

Ká-Sáré-Kà, ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ní wàhálà. Ó bá àwọn hobbit níbi tí wọ́n sùn sí níta, ó yà á lẹ́nu, ó ní ohun àrà kan gbọ́dọ̀ wà ńdìí ẹ̀. Tolkien ní òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí. Kò tún yọjú mọ́. Ohùn ìtàn ọmọdé ló kù síbẹ̀ látìgbà tí ìwé náà kò tíì le. Mo jọ̀wọ́ ẹ̀ fún ọ.

Ioreth ni mi ò ní jọ̀wọ́. Mú Ìwé Karùn-ún, orí 8, kà á bí ẹni ń ka ẹ̀wọ̀n, kó o wo bí ọ̀kan ṣe so mọ́ ìkejì. Faramir, ọmọ Denethor, ń kú lọ. Ioreth, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, ń sunkún, ó ní ọba ìbá wà, torí àwọn àgbà ní ọwọ́ ọba ni ọwọ́ ìwòsàn. Gandalf wà nítòsí, ó gbọ́, ó sáré jáde lọ pe Aragorn, tí kò tíì fẹ́ wọ ìlú. Láìsí àròyé ìyá yẹn, ẹnikẹ́ni kò lọ pè é lálẹ́ ọjọ́ náà.

Aragorn béèrè ewé athelas. Ioreth kò mọ orúkọ yẹn, àmọ́ nígbà tí wọ́n pè é ní ewé ọba, ó mọ̀ ọ́n; ó ní kò sí nínú ilé. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá elégbòogi. Ọ̀gá dé, ó ka orúkọ ewé náà ní èdè mẹ́ta, ó fi orin àtijọ́ lé e, ó sì ní kò sí lọ́wọ́ òun. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an: ẹni tó mọ gbogbo orúkọ ewé, ewé kò sí lápò ẹ̀. Gandalf ní kó lọ wá arúgbó kan tí ìmọ̀ ìwé ẹ̀ kò tó tiẹ̀ àmọ́ tó ní ọgbọ́n jù ú lọ, tó ń tọ́jú ewé sílé. Ta ló wá mú un dé? Bergil, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó di ewé mẹ́fà sínú aṣọ, ó tọrọ gáfárà pé kò tutù, pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti já a. Méjì nínú mẹ́fà yẹn ni Aragorn fọwọ́ rún sínú omi gbígbóná fún Faramir.

Bàbá Bergil ni Beregond, ẹ̀ṣọ́ tó fi ibi ìṣọ́ ẹ̀ sílẹ̀, tó sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má baà dáná sun Faramir láàyè. Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n sun ún, ọmọ gbé ewé dé. Tolkien kò dúró sọ fún ẹnikẹ́ni pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá síbi iṣẹ́ méjèèjì. Ìwọ lo máa so ó pọ̀. Ìdájọ́ Beregond wà ní Ìwé Kẹfà, orí 5: òfin ní ikú ni fún irú ẹ̀, Aragorn ní kó kúrò nínú ẹ̀ṣọ́ ààfin. Ojú ẹ̀ funfun kó tó gbọ́ ìyókù: olórí ẹ̀ṣọ́ Faramir ló dà ní Emyn Arnen.

Ní orí 5 yẹn náà, Ioreth tún yọjú níbi ìwúyè ọba, ó ń sọ ìtàn fún ìbátan ẹ̀ kan láti oko. Ó ní hobbit yẹn mú ìránṣẹ́ ẹ̀ kan ṣoṣo, ó wọ Ilẹ̀ Dúdú lọ, ó dá bá Olúwa Òkùnkùn jà, ó sì dáná sun ilé gogoro ẹ̀. Ẹ bi í, ó wà níbẹ̀! Ìwọ tó o ti ka gbogbo Mordor lẹ́sẹẹsẹ, wo bí ìtàn ṣe ń dà lẹ́nu ará ọjà kí oṣù méjì tó pé.

Ká-Sáré-Kà

Ti ewé mẹ́fà yẹn, mo dọ̀bálẹ̀. Ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà, ẹ ṣé.

Akápò Bree

Ẹ jẹ́ n mú owó wọ̀ ọ́. Èèyàn kì í ka owó nínú ìwé Òrùka, ó sì wà níbẹ̀.

Ìwé Kìíní, orí 11. Wọ́n tú ẹṣin àwọn hobbit sílẹ̀ ní Bree lóru. Ẹṣin kékeré kan ṣoṣo tí wọ́n rí rà ni ti Bill Ferny, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Kọ́bọ̀ fàdákà 12 ni Ferny gbà. Tolkien ní ó kéré tán, ìlọ́po mẹ́ta iye tó tó ni. Ìyẹn ni pé ojúlówó iye ẹ̀ kò lè ju 4 lọ. Butterbur olótẹ́ẹ̀lì ló san án. Ó tún fún Merry ní 18 fún àwọn ẹṣin tó sọnù. Àpapọ̀ jẹ́ 30, ó sì dun ọkùnrin náà dọ́kàn. Àmọ́ ka ìlà tó tẹ̀ lé e: àwọn ẹṣin Merry kò sọnù, wọ́n sá lọ bá ẹṣin Bombadil, Bombadil sì dá wọn padà fún Butterbur. Ó wá di ẹni tó ní ẹṣin dáadáa márùn-ún ní owó tí kò wọ́n.

Ẹṣin Ferny ni Sam ń pè ní Bill. Ó bá wọn dé ẹnu Moria, ibẹ̀ ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ (Ìwé Kejì, orí 4), Gandalf sì súre ọ̀nà fún un. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń rò pé ìkookò ti pa á jẹ. Ní Ìwé Kẹfà, orí 7, wọ́n padà dé Bree, Butterbur ní ẹṣin náà fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wálé, ó rù kan eegun, irun bò ó bí ajá àgbà, àmọ́ ó wà láàyè. Orí tó tẹ̀ lé e, ní afárá Brandywine, ta ló ń ṣọ́ bodè fún àwọn jàgídíjàgan? Bill Ferny. Bó ṣe ń sá lọ, ẹṣin náà fi pátákò lé e nídìí. A kò gbọ́ nípa ẹ̀ mọ́. Láti orí 11 ìwé àkọ́kọ́ dé orí 8 ìwé ìkẹyìn, wọ́n fi gbèsè yẹn sílẹ̀, wọ́n sì san án.

Èyí tó le jù fún òǹkàwé ni tábà. Ìwé Kẹta, orí 9, Merry àti Pippin ń fín tábà nínú àwókù Isengard. Wọ́n bá àgbá méjì tó léfòó lómi, àmì Hornblower wà lára ẹ̀, tábà Longbottom, ti ọdún 1417. Àwọn hobbit ń yọ̀. Aragorn nìkan ni kò yọ̀: báwo ni tábà ilẹ̀ Shire, ìlú àwọn hobbit, ṣe dé ilé Saruman, oṣó tó ti di ọ̀tá? Merry náà sọ pé àwọn kan nínú ọmọ ogun Saruman jọ ará gúúsù ojú lílọ́ tí wọ́n rí ní Bree. Ẹni tó bá kó tábà, ojú lílọ́ àti Bree pọ̀ sójú kan ti mọ̀ pé Saruman ti nawọ́ dé Shire, ìwé márùn-ún kò tíì parí. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kọjá níbẹ̀, bí òjò àìròtẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Shire ṣe máa bá a.

Pẹ́ńsùlù Pupa

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè kejì AkàwéLóru. Bí mo ṣe máa gba ẹni tó bá bi mí nímọ̀ràn nìyí.

Má ṣe kọ orúkọ gbogbo èèyàn sílẹ̀. Ó máa sú ọ kó o tó kúrò ní Bree. Nǹkan tí ọwọ́ lè dì mú ni kó o máa tọ̀: idà, okùn, ìdè aṣọ, ìkòkò, ẹṣin. Èèyàn kéékèèké máa ń so mọ́ ọn fúnra wọn. Fa ìlà mẹ́ta sójú ìwé àkọsílẹ̀: kí ni, ọwọ́ ta ló wà, ibi tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Bí nǹkan kan bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, fa ìlà pupa sí i, torí ó ń bọ̀. Pippin mọ̀ọ́mọ̀ ju ìdè aṣọ ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí orc gbé e, Aragorn rí i he. Ìkòkò ìdáná Sam, tó fi se ehoro ní Ithilien, ni ó jù sínú ọ̀gbun ní Mordor (Ìwé Kẹfà, orí 3). Ìró rẹ̀ dà bí agogo òkú sí i létí.

Kọ Ìwé àti orí, má kọ ojú ewé, torí ojú ewé kò bára mu láti ẹ̀dà kan sí òmíràn. Ibi tí àwọn èèyàn sì ti ń ṣìnà nìyí: ìdìpọ̀ mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀ ní 1954 sí 1955, àmọ́ Ìwé mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, méjì nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé Kejì wà nínú ìdìpọ̀ kìíní. Bí ẹnì kan bá ní “ìwé kejì, orí 4”, bi í pé èwo.

Kọ ohun tí ẹnì kan bá ní òun kò ní sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní Rivendell, Sam ń to ẹrù, ó rántí pé òun gbàgbé okùn, ó bínú sí ara ẹ̀ (Ìwé Kejì, orí 3). Ní Lórien àwọn elf fún un ní okùn. Ní Ìwé Kẹrin, orí 1, ó tú u láti fi sọ̀ kalẹ̀ ní àpáta. Frodo ní àpáta náà á tó fathom 18, Sam ní okùn òun á tó ell 30. Fathom kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6, ell kan jẹ́ íńṣì 45. Ṣe ìṣírò ẹ̀: 108 àti 112 àbọ̀. Okùn ju àpáta lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́rin àbọ̀. Ó jọ pé Tolkien ti ṣe ìṣírò yẹn.

Ọjọ́ ló máa ń da ọ̀pọ̀ rú. Déètì inú Àfikún B tó wà lẹ́yìn ìwé náà, ti kàlẹ́ńdà Shire ni, oṣù méjèèjìlá sì jẹ́ ọjọ́ 30 géérégé. February 30 wà níbẹ̀, ọjọ́ tí àwọn Ent, olùṣọ́ igi, bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn ni. Bó o bá fi kàlẹ́ńdà ara ògiri ẹ kà á, ọjọ́ méjì á sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́ kó o tó wọ March, ìtàn ẹ̀gbẹ́ kan kò sì ní bá ìkejì mu mọ́. Ṣí Àfikún náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé Kẹrin àti Ìkarùn-ún, kó o wo March 10. Ọjọ́ Tí Ilẹ̀ Kò Mọ́ ni. Àwọn Rohirrim, ẹlẹ́ṣin Rohan, gbéra lọ́jọ́ náà, Gandalf já Faramir gbà lẹ́yìn odi, Frodo sì dé ìkóríta, ó rí oòrùn tó yọ díẹ̀ sórí ère ọba tí òdòdó ti hù yí lórí bí adé. Àwọn orí yìí jìnnà síra nínú ìwé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀.

Ọmọ Òkìtì

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún ẹni tó bá ti ìdí Fágúnwà wá síbí. Nínú Ògbójú Ọdẹ, tó jáde ní 1938, ọdún kan lẹ́yìn ìwé hobbit àkọ́kọ́, orúkọ ló ń sọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Bí wọ́n bá ti pe Ìmọ̀dòyè tàbí Olóhùn-iyọ̀, o ti mọ iṣẹ́ tó máa ṣe lójú ọ̀nà Òkè Lángbòdó. Àgbákò yọ, o ka ojú mẹ́rìndínlógún lórí ẹ̀, o ti mọ̀ pé ọ̀ràn dé. Fágúnwà máa ń ro ẹni náà fún ọ látòkè délẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tolkien kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bill ni olè ń jẹ́, Bill náà ni ẹṣin. Ohun tí wọ́n gbé, tí wọ́n pàdánù, tí wọ́n dá padà, lo máa fi dá wọn mọ̀. Ìdí tí mo fi fara mọ́ ìlà mẹ́ta Pẹ́ńsùlù Pupa nìyẹn.

AkàwéLóru

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti padà sí Ìwé Kẹrin, orí 10, mo sì ti rí gbólóhùn yẹn. Mo ti fojú fò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fa ìlà mẹ́ta, mo kọ idà mẹ́rin sí i: ti Frodo ṣẹ́, ti Merry jó. Ti Pippin àti ti Sam ni mo fa ìlà pupa sí. Gandalf gba ti Sam lọ́wọ́ ikọ̀ yẹn pẹ̀lú aṣọ àti ẹ̀wù. Ṣé wọ́n dá a padà fún Sam?

Ìyá Atọ́ka

Ti Pippin kọ́kọ́ ná: òun ló fi pa olórí troll tó fẹ́ pa Beregond lẹ́nu Bodè Dúdú, ní ìparí orí tó o wà yẹn. Bàbá Bergil ni o.

Ti Sam fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà sí Sam. Ìwé Kẹfà, orí 4, ní pápá Cormallen. Wọ́n ń múra fún àsè, Frodo ní òun kò fẹ́ idà kankan mọ́. Gandalf ní ó yẹ kó fi ọ̀kan sí ìbàdí lálẹ́ yẹn ó kéré tán. Frodo bá mú idà kékeré Sam, tí Sam tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní Cirith Ungol nígbà tó rò pé òkú ni, ó ní òun ti fún Sam ní Sting. Sam kọ̀, ó ní Bilbo ló fún Frodo ní Sting, kò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó. Frodo sì gbà.